Ọwọ́ Onílé Ni Kí Kọ́kọ́rọ́ Wà

Ọ̀rọ̀ ohun tí ó ń wọ inú ilé ni a sábà máa ń bá ara wa sọ lórí ojú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹnu ọ̀nà kan tí ó wà nínú gbogbo ilé, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí ẹnu ọ̀nà rárá. Ẹnu ọ̀nà náà ni fóònù tí ó wà lọ́wọ́ bàbá, lọ́wọ́ ìyá àti lọ́wọ́ ọmọ.

Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn ní ilé kan ní Ilódè tàbí ní Mọ̀ọ̀rè, níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, a kì í kàn ṣílẹ̀kùn gbayawu fún un. A ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Bí ó bá jẹ́ ẹni tí a mọ̀, a ó ní kí ó wọlé kí ó jókòó ní pálọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀, ẹnu ọ̀nà ni a ó ti bá a sọ̀rọ̀. Kò sí onílé tí yóò gba àlejò kan, tí àlejò náà yóò tún pe ogún ènìyàn mìíràn wọlé tẹ̀lé ara rẹ̀, tí onílé yóò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lórí fóònù wa lójoojúmọ́ nìyẹn. Ìdí tí a kò fi pariwo ni pé a kò rí wọn.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ SCRIPT?

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ka ìwé ìròyìn lórí fóònù, tàbí tí ọmọ yín bá fẹ́ wo èsì ìdánwò rẹ̀, ohun èlò tí a fi ń ṣí ìkànnì bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní aṣàwákiri. Chrome ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù wa. Àwọn mìíràn ń lo Firefox, Opera tàbí Safari. Nísinsìnyí, ohun tí ìkànnì fi ń ránṣẹ́ sí aṣàwákiri kì í ṣe ọ̀rọ̀ àti àwòrán nìkan. Ó tún ń fi àwọn àkọsílẹ̀ àṣẹ ránṣẹ́, tí ó ń sọ fún fóònù pé, "Ṣe èyí, má ṣe tọ̀hún." Àwọn àkọsílẹ̀ àṣẹ wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní script. JavaScript ni orúkọ èdè tí wọ́n fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn.

Script kì í ṣe ohun búburú nínú ara rẹ̀. Script ni ó ń sọ fún yín pé nọ́ńbà fóònù tí ẹ kọ kò pé. Òun ni ó ń jẹ́ kí ojú ìwé ìsanwó ṣí, kí máàpù lè sún síwá sẹ́yìn, kí fídíò sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i dáradára: inú fóònù tiyín ni àwọn àṣẹ yìí ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ìkànnì. Bátìrì yín ni wọ́n ń lò, dátà yín ni wọ́n sì ń jẹ. Òótọ́ ni pé aṣàwákiri mọ odi yí wọn ká, tí script orí ìkànnì kan kò fi lè ṣàdédé máa ka ọ̀rọ̀ WhatsApp yín tàbí máa tú àwòrán tí ẹ fi pamọ́. Síbẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá tẹ̀ sí ojú ìwé tí script náà wà, yálà orúkọ, àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà káàdì báńkì, ó lè rí i, ó sì lè fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn.

Ohun kejì ni ti àlejò tí ń pe àlejò. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo lè pe script ilé-iṣẹ́ ìpolówó, ti àwọn tí ń ka iye ènìyàn tí ó wá, àti ti Facebook, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní Web Almanac sọ ní ọdún 2024 pé nínú ojú ìwé mẹ́wàá, ó ju mẹ́sàn-án lọ tí ó ń pe ará ìta wọlé. Wọ́n tún rí i pé ó ju ìdajì àwọn ojú ìwé orí fóònù lọ tí JavaScript tí wọ́n ń kó wá ju 500 kílóbáìtì lọ. Ẹni tí ó ń ra dátà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, pàápàá láti ìgbà tí àjọ NCC ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè ní oṣù kìíní ọdún 2025 láti fi owó lé owó wọn, tí ó lè tó ìdajì iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Brendan Eich, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, gbé ìpilẹ̀ JavaScript kalẹ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́wàá péré. Nígbà náà, kí ojú ìwé lè dá ènìyàn lóhùn díẹ̀ ni wọ́n ń wá. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé a ó máa fi sanwó, pé a ó sì máa fi ṣọ́ ènìyàn.

Ilé-Ifẹ̀ kò sí lẹ́yìn nígbà náà. Ní àárín àwọn ọdún 1990 kan náà ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí so àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ayé, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ICTP, ibùdó ìmọ̀ físíìsì tí ó wà ní Trieste ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Lẹ́yìn náà ni àwọn kafé wá pọ̀ ní ìgboro, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sanwó wákàtí láti lo kọ̀ǹpútà. Lónìí, ìyá tí ó ń ta ata ní ọjà ní íntánẹ́ẹ̀tì lápò aṣọ rẹ̀. Ọ̀nà ti gbòòrò, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ péré ni a kọ́ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ RÍ

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé, "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ìkànnì tí ó dára nìkan ni mo máa ń lọ." Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2018, àwọn oníṣẹ́ ibi wọ inú script kan tí ń jẹ́ Browsealoud. Iṣẹ́ rere ni script náà ń ṣe: ó ń ka ojú ìwé sókè fún àwọn tí ìwé kíkà nira fún. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìkànnì ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń lò ó. Fún wákàtí bíi mélòó kan, ìkànnì tí ó ju 4,000 lọ ń fi kọ̀ǹpútà àwọn àlejò wọn wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Monero fún olè, láìjẹ́ pé àwọn tí ó ni ìkànnì mọ̀. Àní ìkànnì àjọ tí ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú ní ilẹ̀ náà wà lára wọn.

Ní ọdún kan náà, olè yí script kan padà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú British Airways, èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ń wọ̀ láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìlà 22 péré ni ohun tí wọ́n kọ kún un. Bí oníbàárà bá ti tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ tán, script náà yóò fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìkànnì olè. Ọ̀rọ̀ náà kan oníbàárà tí ó ju 400,000 lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àjọ tí ń dáàbò bo àṣírí ará ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu ìtanràn ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹta ni ti Polyfill. Orúkọ script kan ni èyí, tí àwọn tí ń kọ́ ìkànnì ti fọkàn tán fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ó ń jẹ́ kí aṣàwákiri àtijọ́ lè ṣí ìkànnì tuntun. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ mìíràn ra ibi tí script náà ti ń wá, èyíinì ni polyfill.io. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹfà, a rí i pé wọ́n ti yí i padà. Ìkànnì tí ó ń pè é ju 100,000 lọ. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó bá fi fóònù ṣí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ yóò ṣàdédé bá ara rẹ̀ lórí ìkànnì tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin òbí, ẹ rò ó wò. Ọmọ yín ṣí ìkànnì tí ẹ̀yin fúnra yín yàn fún un, ẹlòmíràn sì fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé tẹ́tẹ́.

Nínú àpẹẹrẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìkànnì tí àwọn ènìyàn lọ kì í ṣe ìkànnì búburú. Kò sí bí ẹni tí ó kàn ń ṣọ́ ibi tí ó ń lọ ṣe lè mọ̀. Ohun tí ó lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni kí òun náà ní àṣẹ láti sọ pé, "Ìwọ tí mo wá bẹ̀ wò, mo gbà ọ́. Àwọn tí o mú wá, n kò tíì mọ̀ wọ́n."

A TI JẸ ÈRÈ RẸ̀ RÍ

Bí ẹ bá rántí fóònù kékeré bíi Nokia tí a ń lò ní nǹkan bí ọdún 2008 sí 2014, ẹ ó rántí Opera Mini pẹ̀lú. Ó jáde fún gbogbo ayé ní oṣù kìíní ọdún 2006. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó di ọ̀kan lára àwọn aṣàwákiri tí a lò jù ní Nàìjíríà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé dátà tí ó ń jẹ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe inú fóònù ni Opera Mini ti ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ script ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ńlá ti ilé-iṣẹ́ Opera ni ó ń kọ́kọ́ ṣí ìkànnì náà, tí yóò ṣe iṣẹ́ script níbẹ̀, tí yóò fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ di kékeré, kí ó tó fi èyí tí ó ti parí ránṣẹ́ sí fóònù. Ìwé ìròyìn tí ìbá pẹ́ kí ó tó ṣí yóò ṣí kíá.

Nítorí náà, kì í ṣe ohun àjèjì ni à ń sọ. Ọ̀pọ̀ ará Ifẹ̀ ti jẹ èrè dídín script kù kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àbùkù kan ni ó wà níbẹ̀: Opera ni ó ń pinnu, kì í ṣe ẹni tí ó ni fóònù. Bí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kò sí bọ́tìnnì tí a lè fi sọ pé, "Jọ̀wọ́, jẹ́ kí ti ibí yìí ṣiṣẹ́." Ńṣe ni ènìyàn yóò lọ wá fóònù mìíràn.

ṢÉ KÍ Á KÚKÚ PA GBOGBO RẸ̀ NI?

Ó ṣeé ṣe. Lórí fóònù Android tí ó ní Chrome, bí ẹ bá tẹ àmì mẹ́ta tí ó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ lọ sí "Settings," kí ẹ lọ sí "Site settings," ẹ ó rí "JavaScript" níbẹ̀. Ẹ lè pa á. Lórí iPhone pẹ̀lú, ibi tí a ti ń pa á fún Safari wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á níbẹ̀, gbogbo ìkànnì ni ó kàn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn yóò ṣí kíá. Ọ̀la, ọmọ yín yóò fẹ́ san owó ilé-ìwé, ojú ìwé náà yóò sì dúró gbagidi. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ní Nàìjíríà ni ó ń gba owó láti ọwọ́ Paystack, ilé-iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ọmọ Nàìjíríà méjì dá sílẹ̀ ní ọdún 2015. Script tí ó ń ṣí àpótí ìsanwó rẹ̀ ń wá láti js.paystack.co. Bí ẹ bá ti ti gbogbo ilẹ̀kùn, ẹni tí ó wá gba owó kò lè wọlé. Nígbà tí ẹ bá ti rìn lọ rìn bọ̀ nínú "Settings" lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó bínú, ẹ ó ṣí gbogbo rẹ̀ padà, ẹ kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́ láéláé.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà, ẹ̀yin ará. Kọ́kọ́rọ́ tí ó bá le jù láti yí, ńṣe ni àwọn ará ilé yóò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn kò bìkítà. Wọ́n ní iṣẹ́ láti ṣe. Ìyá tí ó gbé ọmọ sẹ́yìn, tí ó ń fi ọwọ́ kan ro ọkà, tí ó sì ń fi ọwọ́ kejì san owó iná, kò ní àkókò láti wá ọ̀nà kọjá yàrá márùn-ún. Àṣẹ tí a fún onílé, tí kò rọrùn fún un láti lò, kò yàtọ̀ sí àṣẹ tí a kò fún un.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI GBÌYÀNJÚ

Ẹnìkan tí ó mọ èyí ni Giorgio Maone, ará Palermo ní Ítálì. Ní ọdún 2005 ni ó ṣe àfikún kan fún Firefox, tí ó pè ní NoScript. Òfin NoScript ni pé kò sí script tí ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ àfi èyí tí onílé bá gbà láyè. Ó ń to orúkọ àwọn àlejò ojú ìwé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ lè fọkàn tán ẹni yìí títí lọ, ẹ lè gbà á fún ìgbà díẹ̀ péré, ẹ sì lè sọ pé kí ó má wọlé mọ́. Títí di òní, Tor Browser, èyí tí àwọn akọ̀ròyìn ń lò láti pa àṣírí mọ́, ń gbé NoScript nínú.

Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni àwọn orúkọ náà. Ẹ ó rí doubleclick.net, ẹ ó rí gstatic.com, ẹ ó rí googletagmanager.com. Báwo ni màmá àgbà yóò ṣe mọ̀ wọ́n? Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìpolówó Google. Ìkejì ń kó àwọn ohun èlò Google wá, ìkànnì púpọ̀ ni kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí i. Àwọn tí ó ni ìkànnì ń lo ìkẹta láti fi kó àwọn script mìíràn wọlé, pàápàá ti àwọn tí ń kà wá tí wọ́n sì ń tọ ipa ẹsẹ̀ wa.

Ọ̀nà mìíràn ni ti uBlock Origin, tí Raymond Hill bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014. Èyí kò ní kí ẹ mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìwé orúkọ àwọn tí a mọ̀ sí olùṣọ́ni àti oníwàhálà, àwọn ni ó sì ń dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn yòókù ń kọjá. Bí ìkànnì kan bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ẹ ó tẹ̀ láti gbà á láyè. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ sí i lè ṣí apá tí ó jinlẹ̀ jù.

Brendan Eich tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ní ọdún 2015, òun pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan dá ilé-iṣẹ́ Brave sílẹ̀. Nínú aṣàwákiri Brave, àwòrán kìnnìún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ìkànnì. Bí ẹ bá tẹ kìnnìún náà, ẹ ó rí ibi tí a ti lè dá gbogbo script ìkànnì yẹn nìkan dúró, láìfi ọwọ́ kan ti ibòmíràn. Ẹni tí ó dá JavaScript sílẹ̀ wà lára àwọn tí ó fi ohun ìdádúró rẹ̀ sí ọwọ́ wa.

Síbẹ̀, ẹ má gbàgbé pé ẹni tí ó ṣe ilẹ̀kùn ni ó ń sọ irú kọ́kọ́rọ́ tí yóò wọ̀ ọ́. Láàrin ọdún 2024 sí 2025, Google yí òfin àwọn àfikún Chrome padà, uBlock Origin kò sì ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Èyí tí ó kù fún Chrome ni uBlock Origin Lite, tí agbára rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Firefox ṣì ń gba èyí tí ó pé.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

Kí wá ni ṣíṣe? A to ìmọ̀ràn wa sílẹ̀ báyìí:

Èkínní, ẹ yan aṣàwákiri tí yóò gbọ́ tiyín. Chrome orí fóònù Android kì í gba àfikún. Firefox orí fóònù ń gbà á. Ẹ fi uBlock Origin sí i láti inú àkójọ àfikún tí ó wà nínú Firefox fúnra rẹ̀, nítorí ayédèrú pọ̀ níta. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ọmọ ilé-ìwé girama sì lè ṣe é fún ìyá rẹ̀.

Èkejì, ẹ ya ti owó sọ́tọ̀. Ẹ fi aṣàwákiri kan sílẹ̀ fún báńkì, owó ilé-ìwé àti ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ má sì fi í ka ìròyìn kiri. Ẹ lo òmíràn tí ó gbóná mọ́ script fún kíkà. Bí ẹ bá ṣe báyìí, ẹ kò ní máa ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé nítorí ẹni kan tí ó wá gba owó.

Ẹ̀kẹta, bí Chrome nìkan ni ẹ ní, ẹ má sọ̀rètí nù. Ní ibi JavaScript tí a júwe lókè, ẹ lè fi JavaScript sílẹ̀ fún gbogbo ìkànnì, kí ẹ sì fi "Add site exception" kọ orúkọ èyí tí ó ń yọ yín lẹ́nu síbẹ̀ láti dá tirẹ̀ dúró.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ ọmọ yín, ẹ má kàn pàṣẹ fún un. Ẹ jẹ́ kí ó ṣí ojú ìwé kan níwájú yín, kí ẹ jọ wo iye àlejò tí uBlock Origin dá padà. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i yóò ní ọgbọ́n tí yóò lò nígbà tí ẹ kò bá sí nítòsí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹnìkan bá fi ìkànnì ayédèrú tàn yín, tí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà àṣírí káàdì yín síbẹ̀, kò sí ohun ìdádúró script tí ó lè gbà yín. Bákan náà, nínú ọ̀rọ̀ British Airways, inú ilé onílé fúnra rẹ̀ ni script tí olè yí padà wà. Ẹni tí ó bá gba onílé láyè ti gba script náà pẹ̀lú. Ààbò yìí dín ewu kù púpọ̀, ṣùgbọ́n kò pa á run.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má ṣe ìmọ̀tara-ẹni-nìkan. Owó ìpolówó ni àwọn ìwé ìròyìn kan fi ń san owó oṣù. Bí ìkànnì kan bá ń ṣe yín lóore, tí ìpolówó rẹ̀ kò sì ni yín lára, ẹ gbà á láyè. Èyí náà wà lára àṣẹ onílé: kì í ṣe láti lé ènìyàn nìkan, ó wà fún gbígba àlejò pẹ̀lú.

OHUN TÍ ÀWỌN MÌÍRÀN JẸ WÁ

Kò yẹ kí gbogbo ẹrù yìí wà lórí ìdílé nìkan. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, sọ pé ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lè gba ìyọ̀ǹda náà padà, kí ó sì rọrùn láti gbà á padà bí ó ti rọrùn láti fún ni. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn yẹn ti ṣe pàtàkì tó. Bí ìkànnì kan bá gbé bọ́tìnnì ńlá kalẹ̀ fún "Mo gbà," tí ó sì fi "N kò gbà" pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé mẹ́rin, kò rìn ní ọ̀nà tí òfin náà là.

A tún bẹ àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ́ ìkànnì, yálà fún ilé-ìwé, fún ilé ìtajà tàbí fún ìjọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe àlejò tí ẹ kò nílò. Bí ó bá jẹ́ àkókò ìpàdé àti àdírẹ́sì ni àwọn ènìyàn wá wò, kò sí ìdí tí ilé-iṣẹ́ ìpolówó méje yóò fi bá wọn jókòó. Ojú ìwé tí ó wà fún kíkà, ẹ jẹ́ kí ó ṣeé kà fún ẹni tí ó ti script pa pẹ̀lú. Ẹni tí ó ní dátà díẹ̀ ní abúlé yóò súre fún yín.

Àwọn tí ń ṣe aṣàwákiri ńkọ́? Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn kò pọ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkànnì tí a ń wò, kì í ṣe nínú yàrá karùn-ún. Kí wọ́n sọ iṣẹ́ àlejò kọ̀ọ̀kan fún wa ní ọ̀rọ̀ tí ó yé ènìyàn: èyí wà fún owó, èyí wà fún ìpolówó, èyí ń tọ ipa ẹsẹ̀ yín. Kí a lè sọ "ti òní nìkan," kí a lè sọ "títí lọ," kí a sì lè yí ọ̀rọ̀ wa padà láìpe ẹni tí ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àgbà tí ó bá ra ilé ni ó ń di kọ́kọ́rọ́ mú. Ẹ̀yin ni ẹ ra fóònù yìí. Ẹ̀yin ni ẹ ń ra dátà tí ó ń jẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí máa ṣe baba ìsàlẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ pe ọmọ yín jókòó, kí ẹ jọ ṣe èyí àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ràn wa. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ fún aládùúgbò yín.